Ẹnì Kejì Ìdí Ààrò

Larrazo,
ọjọ́ kẹta oṣù Júùnù, 1996

Edurne ọmọ mi,

Mo kí ẹ o. Ṣé ara le? Ṣé òjò ibẹ̀ ti jẹ́ kí ẹ rí oòrùn sójú? Èmi wà, ilé wà. Àwọn adìẹ ìyá ẹ ṣì ń yé ẹyin síbi tó bá wù wọ́n. Láti ọjọ́ tí ìyá ẹ ti kú ni wọn ò ti kà mí sí mọ́.

Mo rí lẹ́tà ẹ gbà. Mo kà á, mo tún gbé e lọ sí ilé-ọtí Visi kí wọ́n bá mi kà á. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀wé kà, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ojú mi ló ṣe é. O ní iṣẹ́ tí wọ́n gbà ẹ́ fún ní Köln ni pé kí o máa ṣe èéfín ìràwọ̀ nínú páìpù. Braulio aládùúgbò wa ní kí n bi ẹ́ bóyá wọ́n ń fi èéfín náà yan nǹkan jẹ. Mo ní kó panu mọ́, ṣùgbọ́n èmi náà fẹ́ mọ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi sun èédú, tí èéfín ń wọ̀ mí lójú, kí ìwọ lè ríbi jáde kúrò nínú èéfín. O wá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Jámánì, o lọ bá òmíràn.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ sọ nìyí. Wọ́n ti pín igbó abúlé fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn òkè ló bọ́ sí ilé wa lọ́wọ́ lọ́dún yìí, níbi tí ọ̀nà parí sí, tí ìbaaka Braulio pàápàá máa ń rò ó wò kó tó gùn ún. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí gé igi, èmi nìkan. Koldo ẹ̀gbọ́n ẹ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò tí òun wà ní Pamplona ò ní fún òun láyè lọ́tẹ̀ yìí. Ìsinmi tó gbà lọ́dún tó kọjá ló fi bá mi ṣọ́ ààrò, ìyàwó ẹ̀ ò sì tíì dárí jì mí.

O mọ òfin ìdí ààrò èédú, mi ò ní máa kọ́ ẹ bí àlejò. A kì í tanná sí i àfi tí a bá ti rí ojú ẹnì kejì. Ẹni tó bá sì tan iná náà, ibẹ̀ ni yóò máa sùn títí wọ́n á fi tú ààrò. Ìyá ẹ ni ẹnì kejì mi ní gbogbo ọdún tí a fi jọ wà. Mò ń bẹ̀ ẹ́ ni, mi ò pàṣẹ: ṣé wàá wá ní Sẹ̀tẹ́ńbà wá ṣe ẹnì kejì mi? Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Tí o bá ní rárá, màá fi igi sílẹ̀ kó jẹrà síbi tó wà.

Ikọ́ mi ṣì wà níbi tí o fi í sí. Má bi mí nípa ẹ̀.

Èmi ni bàbá ẹ,
Saturnino


Köln,
ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Júùnù, 1996

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ igi. Inú mi dùn láti rí lẹ́tà yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú ni ìdajì rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún Braulio pé a kì í fi èéfín wa yan nǹkan. Gbogbo èyí tí mo ti ṣe láti ọdún tó kọjá kò lè sọ etí ife kan di dúdú.

Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé bí mo ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ sí kò lè yé èèyàn. Ìràwọ̀ a máa darúgbó. Tó bá darúgbó, á wú, á pọ́n, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tó wà lára rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀. Nínú àwọn kan, kábọ́ọ̀nù ló máa ń pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tú jáde. Òun náà ló wà nínú èédú yín. Ó máa ń di èéfín tó yí ìràwọ̀ náà ká, inú èéfín yẹn sì ni oríṣiríṣi èròjà ti ń so mọ́ra wọn. Èròjà kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Etí ò lè gbọ́ ọ, àmọ́ àwọn awò ńlá tí wọ́n kọjú wọn sí ọ̀run lè gbà á. Àwọn tó ń ṣọ́ awò ti gbọ́ ohùn kan lára ìràwọ̀ arúgbó kan, kò sì sẹ́ni tó mọ olóhùn. Èmi ni wọ́n ní kí n wá a.

Kò sẹ́ni tó lè débẹ̀, nítorí náà ibí la ti ń wá a. A ní páìpù irin gígùn kan. A máa ń fi pọ́ǹpù fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù, a ó wá rọra tú gáàsì àwọn wẹ́dà sínú rẹ̀, torí gáàsì yẹn náà wà nínú èéfín ìràwọ̀. Iná mànàmáná la fi ń lù ú, kó já, kó tún ara rẹ̀ so lọ́nà tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á bá wa fetí sí ohun tó so. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ohùn àwọn èròjà tí gbogbo ayé ti mọ̀. Mi ò tíì gbọ́ ti ẹni tí mò ń wá.

Ó ń rẹ̀ mí, Bàbá. Mo máa ń délé kí n sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Frau Kestermann ọ̀gá mi kì í pariwo mọ́ èèyàn, ó kàn máa ń wá dúró sẹ́yìn èèyàn ni. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún máa parí ní Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún tó ń bọ̀. Tí mi ò bá rí olóhùn yìí, mi ò rò pé wọ́n á tún gbà mí.

Ẹ béèrè, mo sì ń dá yín lóhùn: màá wá. Ọjọ́ kẹrìnlá Sẹ̀tẹ́ńbà, ọjọ́ àjọ̀dún Àgbélébùú Mímọ́, màá wọ bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ láti Estella. Ẹ má jẹ́ kí igi jẹrà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà. Tí ẹ bá sì rí ẹni tó ń bọ̀ lápá ibí, ẹ fi ẹ̀wà funfun ilé wa rán an. Ọ̀dùnkún ni mò ń jẹ láàárọ̀, òun ni mò ń jẹ lálẹ́.

Ọmọ yín,
Edurne


Larrazo,
ọjọ́ kejìlélógún oṣù Júláì, 1996

Edurne,

Mo kí ẹ. Lẹ́tà ẹ yé mi lọ́tẹ̀ yìí. Visi kà á sókè fún gbogbo ilé-ọtí. Àlùfáà wà níbẹ̀, ó ní òun ò rí ohun tó burú nínú ẹ̀.

Nǹkan kan dùn mí níbẹ̀, màá sì sọ ọ́. O kọ ìwé rẹpẹtẹ nípa arúgbó kan tó wà lókè ọ̀run, tó wú, tó pọ́n, tó ń wúkọ́ èéfín. O mọ ohun tó ń jáde lára ẹ̀, o tún ń wá ohùn ẹ̀ kiri. Tó bá jẹ́ arúgbó tó ń wúkọ́ èéfín lo fẹ́ fi ṣèwádìí, ọ̀kan wà nílé níbí tí o lè wò láìlo awò. Visi ní kí n má kọ èyí. Mo kọ ọ́.

Ti afẹ́fẹ́ tí ẹ ń fà dànù yẹn ò ṣàjèjì sí mi. Iṣẹ́ tiwa náà kò ju pé kí a fi erùpẹ̀ bo igi kí afẹ́fẹ́ má ráyè. Àmọ́ ààrò tèmi ń fẹ́ díẹ̀, páìpù tìẹ ò fẹ́ rárá, nítorí náà má jẹ́ ká tíì máa pe ara wa ní ẹlẹgbẹ́.

Mo ti rí dókítà. Ilé-ọtí Visi ni mo ti rí i. Ó kí mi.

Igi ti délẹ̀ tán. Mo ti ń tò ó yí ihò àárín ká, ó sì ń gún dáadáa bí ìgbà tí ìyá ẹ bá wà nídìí ẹ̀ tó ń ṣàríwísí. Ẹ̀wà wà lọ́wọ́ ọmọ Braulio tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, yóò gba ọ̀dọ̀ yín kọjá. Tó bá jẹ ẹ́ lọ́nà, jẹ́ kí n gbọ́.

Ọjọ́ Àgbélébùú, bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́. Mo ti sọ fún gbogbo abúlé. Má dójú tì mí.

Bàbá ẹ,
Saturnino


Köln,
ọjọ́ kẹtàlá oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1996

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí á dé lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí n dé, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ pe fóònù ilé-ọtí Visi. Ó ní ẹ ti gòkè lọ sígbó, pé Braulio máa wá bá yín lọ́la láti jẹ́ iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ náà ni pé mi ò lè wọkọ̀ lálẹ́ òní.

Mo gbọ́ ohùn náà, Bàbá. Àná ni. Àpótí mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí n dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó máa lọ sílé. Ó sì jáde, níbi tí àwọn aláwò sọ pé ó wà gan-an, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Frau Kestermann wà lẹ́yìn mi. Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun, kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà títí a ó fi gbọ́ ọ dáadáa ní àìmọye ìgbà. Mo sọ fún un pé bàbá mi ń dúró dè mí. Kò ní kí n má lọ. Ó kàn béèrè pé ta ló máa ṣọ́ ẹ̀rọ.

Ẹ má bínú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, bí ẹ̀yin náà ṣe sọ fún mi lọ́jọ́ sí. Ẹ dúró dè mí. Ẹ sáà má tíì tanná.

Ọmọ yín,
Edurne


Köln,
ọjọ́ kẹfà oṣù Ọ̀kítóbà, 1996

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ yín. Mo ti kọ̀wé, mo ti pe Visi. Lẹ́ẹ̀kíní ó ní ara yín yá. Lẹ́ẹ̀kejì ó ní ẹ lọ sí ìlú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa òjò. Ìlú wo? Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ kórìíra ìlú.

Mo mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ ń fi ìdákẹ́ jẹ mí níyà, bí ẹ ṣe ṣe lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ, tó jẹ́ pé Màmá ló ń kọ gbogbo lẹ́tà. Wọn ò sí mọ́ báyìí láti kọ ọ́. Ẹ fi igi sílẹ̀ kó jẹrà, kó lè jẹ́ pé èmi ni mo fà á.

Mo yẹ kí n ti dé, mo mọ̀. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni Frau Kestermann ń sọ pé ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti kọ̀wé sí àwọn aláwò pé a ti rí olóhùn. Àwọn èèyàn ń wá bọ̀ mí lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń jẹun. Mò ń rẹ́rìn-ín sí wọn, mi ò kàn gbádùn ẹ̀ ni. Ó di Kérésìmesì kí n tó lè wá.

Ẹ kọ ìlà kan péré sí mi. Kódà kó jẹ́ èébú.

Edurne


Köln,
ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Ọ̀kítóbà, 1996

Bàbá,

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ ṣì ń ka lẹ́tà mi. Mò ń kọ ọ́ torí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ fún.

Kì í ṣe olóhùn náà. Ásítóònù ni. Omi olóòórùn tí Visi fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Gáàsì àwọn wẹ́dà ò ṣeé dá kì sínú ìgò irin, ó lè bú gbàù. Ásítóònù ni wọ́n máa ń yọ́ ọ sí. Tí gáàsì bá wá ń jáde, díẹ̀ nínú ásítóònù á tẹ̀ lé e. Nítorí náà, a kọ́kọ́ máa ń gba gáàsì náà kọjá nínú páìpù kékeré kan tó tẹ̀, tí a rì bọ inú ife yìnyín gbígbẹ, irú èyí tó tutù ju ti omi lọ. Ásítóònù á dì síbẹ̀, gáàsì á kọjá lọ. Láràárọ̀ la gbọ́dọ̀ bu yìnyín kún ife yẹn. Òun ni nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fi han ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́jọ́ tí mò ń múra àtiwá sílé, mò ń wo aago, mò ń ronú bóyá mo ti ra nǹkan tí màá mú bọ̀ fún yín, mi ò bu yìnyín.

Ohùn wá jáde. Ọ̀gá ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan. Gbogbo wa ń yí ẹ̀rọ náà ká tìṣọ́ratìṣọ́ra, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ife, ìṣìnà ọjọ́ kan wá di ti oṣù kan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, Frau Kestermann fúnra rẹ̀ bu yìnyín sí i. Ohùn náà lọ bí ẹni pé kò sí rí. Kò bá mi wí. Ó lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ kọ ìwé ìtìjú sí àwọn aláwò.

Nígbà tó yẹ kí n wà pẹ̀lú yín lórí òkè, omi èékánná ni mò ń ṣọ́. Ó dùn mí dé egungun.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, níbo lẹ wà?

Edurne


Ọsibítù, Estella,
ọjọ́ kejì oṣù Nòfẹ́ńbà, 1996

Edurne,

Mo kí ẹ. Àjọ̀dún àwọn òkú ni lónìí, mi ò sì lè lọ síbi sàréè ìyá ẹ, Koldo ló lọ. Ibi tí mo wà lo rí lókè yẹn. Má tíì sunkún, kà á tán ná.

Mo tanná. Àárọ̀ ọjọ́ Àgbélébùú ni. Ojú ọjọ́ mọ́, afẹ́fẹ́ ò fẹ́, mo wá ń rò ó pé tí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́, wàá ti máa rí èéfín ẹ̀ láti títì. Ìyá ẹ fẹ́ràn kó máa rí i bẹ́ẹ̀. Mo da ẹ̀yinná sí ihò, mo jókòó. Nígbà tí Braulio gòkè dé tó jẹ́ iṣẹ́ ẹ, ààrò ti mú iná, kò sí bí mo ṣe fẹ́ pa á.

Braulio ní òun máa dúró tì mí. Ó sùn díẹ̀ níbẹ̀. Mo lé e. Mo ní kó lọ tọ́jú màlúù ẹ̀, pé ọmọ mi ń bọ̀ lọ́la. Lọ́jọ́ kejì mo tún sọ fún un bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kó lọ sọ ní ilé-ọtí pé o ò wá.

Mi ò sùn. Èèyàn kan ò lè ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Afẹ́fẹ́ gúúsù wá dé, ó la ààrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gorí ẹ̀ láti fi erùpẹ̀ dí i, oorun wà lójú mi, mo tẹ ibi tí kò yẹ kí n tẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì mi wọlé dé orúnkún. Iná ni Braulio rí láti ìsàlẹ̀, kì í ṣe èéfín mọ́, ó sáré wá. Wọ́n ti gé ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta. Igi jóná di eérú. Gbogbo iṣẹ́ ọdún, kò ku èédú tí a lè fi dá iná tíì.

Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún ẹ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí o parí ìràwọ̀ ẹ. Visi ò mọ irọ́ í pa, ìdí nìyẹn tó fi ń sọ nípa òjò.

Inú bí mi sí ẹ. Ó ṣì ń bí mi. Kì í ṣe torí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ tara mi ni. Torí pé mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ọ̀nà. Mo ti pinnu pé mi ò ní kọ̀wé sí ẹ mọ́. Ìgbà náà ni Koldo kó àwọn lẹ́tà ẹ wá, mo ka ti omi èékánná yẹn sókè fún obìnrin tó ń fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù. Ó ní, “Ti èékánná?” Mo ní ti èékánná ni. A rẹ́rìn-ín débi tí nọ́ọ̀sì fi wọlé wá wò wá. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi tanná láìrí ojú ẹ, ìwọ náà pariwo olóhùn láìrí ojú ẹ̀. Ilé kan náà la ti jáde lóòótọ́.

Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi ẹ́. Ní Máàṣì, wọ́n á tún igbó pín. Òfin abúlé ni pé ilé tí kò bá ní ẹnì kejì kò lè mú nínú ẹ̀. Ilé Azanza ò kùnà rí, láti ayé baba baba mi. Ṣé kí n dáhùn tí wọ́n bá pè wá, àbí kí n má dáhùn? Kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Má kọ bóyá. Má sì wá báyìí. Mi ò fẹ́ ẹni tí ìtìjú lé wá.

Bàbá ẹ


Köln,
ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Nòfẹ́ńbà, 1996

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrora. Ẹ kú ewu. Mo sunkún kí n tó kà á tán, ẹ má bínú.

Èmi náà bínú. Ta ní fún yín láṣẹ láti fi mí sílẹ̀ kí n máa bú yín nínú lẹ́tà nígbà tí wọ́n ń gé ìka ẹsẹ̀ yín? Mò ń sọ pé ẹ ń fi ìdákẹ́ jẹ mí níyà, ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Báwo ni màá ṣe gbé ìyẹn mì? Ẹ wá tún ní kí n má wá. Ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá ní kí n wá, mi ò ní lè kọ̀, ìdí tí ẹ fi ní kí n má wá nìyẹn. Mo gbọ́. Kérésìmesì yìí, ilé Koldo ni kí ẹ wà.

Rárá ni ìdáhùn mi.

Mo ti kọ bẹ́ẹ̀ ni, mo ya á. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo tún ya á. Mi ò lè jẹ́ ẹnì kejì yín lọ́dọọdún, Bàbá. Tí mo bá tún ṣèlérí, ẹ máa tún jókòó, ẹ máa tún wo ọ̀nà. Ẹsẹ̀ kan péré ló le fún yín báyìí. Ẹ má dáhùn nítorí mi.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ti sú yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ohùn yẹn ṣì wà lọ́run. Kì í ṣe ásítóònù ló ni ín níbẹ̀, torí ohùn tí ásítóònù ní pọ̀ bíi tàwọn ọmọdé níta, tó bá jẹ́ òun ni, wọn ì bá ti gbọ́ àwọn ohùn rẹ̀ yòókù. Àwa la ṣìnà, ìràwọ̀ ò ṣìnà. Nítorí náà mo ti padà sídìí páìpù. Láràárọ̀ mo máa ń bu yìnyín, mo sì máa ń fọwọ́ kan ife náà kí n tó gbàgbọ́ pé mo bu ú. Kò sẹ́ni tó ń wá bọ̀ mí lọ́wọ́ mọ́. Ó ti rẹ̀ mí ju bí mo ṣe lè kọ lọ.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀,
Edurne


Larrazo,
ọjọ́ kejìlélógún oṣù Máàṣì, 1997

Edurne,

Mo kí ẹ. Mo rí rárá ẹ gbà. Ó pẹ́ kí n tó fèsì torí mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí.

Wọ́n pín igbó ní Sátidé tó kọjá. Mo fi ọ̀pá tẹlẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn abúlé, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó. Nígbà tí akọ̀wé pe ilé Azanza, mo ní kó máa bá a lọ. Kò gbọ́, ó tún un pè. Mo ní, “Máa bá a lọ, ọmọ Remigio, ẹnì kejì ò sí.” Visi sunkún lójú gbogbo èèyàn, mi ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún ìyẹn.

Ó dùn mí ju ti ẹsẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí mo délé, mo sùn, mi ò jí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí tó yẹn.

O ò parọ́ fún mi. Koldo ì bá parọ́ fún mi.

Ní báyìí, mo ní kí Braulio bá mi fi ìbaaka kó àwọn ẹ̀ka tó ṣẹ́kù lẹ́yìn òkè wá. Orí àga ni mo jókòó sí tí mo fi tò wọ́n, lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìẹ. Ààrò ni, àmọ́ kò ga jù mí ní ìbàdí. Mo ti fi ewé bò ó, mo fi erùpẹ̀ lé e, mo dá ihò orí ẹ̀ sí. Tí wọ́n bá tanná sí i, kò ní ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Èédú ẹ̀ ò ní tó tà, ó kàn lè tó wa yan ẹran jẹ. Koldo ní òun lè wá bá mi ṣọ́ ọ. Mo ní kó jókòó ti ìyàwó ẹ̀. Mo ti ta tapólì lé e nítorí òjò.

Mi ò tíì tanná. Mi ò ní kí o wá o. Ohun tó wà lẹ́yìn ilé ni mò ń sọ fún ẹ.

Tí o bá rí olóhùn yẹn, jẹ́ kí n gbọ́. Àlùfáà náà ń béèrè.

Bàbá ẹ,
Saturnino


Köln,
ọjọ́ kejì oṣù Éépírì, 1997

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ẹsẹ̀.

Mi ò tíì rí olóhùn náà. Mo lọ bá Frau Kestermann pé mò ń lọ sílé. Ó béèrè pé ta ló máa ṣọ́ ẹ̀rọ. Mo ní kó jẹ́ ká pa á. Ó ní kò burú. Ọwọ́ mi ni mo fi pa pọ́ǹpù náà, afẹ́fẹ́ sì rọ́ wọ inú páìpù. Mo ti lérò pé á dùn mí. Ebi ló ń pa mí.

Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù yìí, bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́. Tí bọ́ọ̀sì bá pẹ́, ẹ dúró. Tí Visi bá ní òun gbọ́ pé mi ò wá mọ́, ẹ má gbà á gbọ́, ẹ dúró. Ẹ má yọ ìṣáná lápò títí ẹ ó fi rí ojú mi.

Kí ẹ sì tún fún mi ní ìṣáná náà. Èmi ni màá tan án.

Ọmọ yín,
Edurne